Èmi ọmọ Ifẹ̀, mo lọ wo idẹ ní Florence

Láti ìgbà tí mo ti Ítálì dé, kò sẹ́ni tí mo pàdé ní Lágere tàbí Ẹnúwá tí kò bi mí pé "Ṣé ẹ rí Póòpù?" Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi lè sinmi. Mi ò rí Póòpù o. Róòmù ni Póòpù wà, mi ò sì dé Róòmù. Àbúrò mi obìnrin ló bímọ sí Prato, ìlú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Florence ní Ítálì, tiréènì á gbé yín láti ọ̀kan dé èkejì kò ní ju ìdajì wákàtí lọ. Màámi ló yẹ kó lọ, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá ní èmi ni kí n lọ bá wọn wẹ ọmọ. Mo wẹ ọmọ, mo fi omi gbígbóná jó ikùn ìyá ọmọ dáadáa, mo se ọbẹ̀ kún fíríìjì. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ àbúrò mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, á ní "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jáde lọ najú jàre, ẹ ti ṣe tó," kó tó sọ ọ́ tán èmi ti wọ bàtà, Florence ni mo ń lọ yẹn.

Ẹ má retí pé màá ka gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti àwòrán ibẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pọ̀ jù, tó bá yá ojú á kàn máa rí wọn ni, ọkàn ò ní gbà á mọ́. Ohun tí èmi bá lọ ni mo máa sọ. Àdúgbò tí kò jìnnà sí agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ibi tí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lọ́dún 1938 ti fi ọkọ́ kan orí idẹ nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń hú u jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi di 13, lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún rí òmíràn. Àti kékeré ni wọ́n ti ń kó wa lọ sí músíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, tí tíṣà á máa pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan gíláàsì. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá sọ fún mi pé ìlú kan wà tí wọ́n mọ idẹ rọ, mi ò ní bi yín léèrè ṣọ́ọ̀bù, ibi tí idẹ ọ̀hún wà ni màá bi yín.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rí idẹ kankan, òrùlé ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ ò lè má rí i, ó pupa, ó tóbi, ibi yòówù kẹ́ ẹ dúró sí nínú ìlú yẹn ó ń wò yín. Ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria del Fiore ló ni ín. 1296 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, wọ́n kọ́ ọ títí, ògiri ga débi tó yẹ kí òrùlé rìbìtì jókòó lé, ni gbogbo ẹ̀ bá dúró, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe máa bò ó. Ihò tó wà lókè níbẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 45. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà yẹn ni pé káfíńtà á kọ́kọ́ fi igi ṣe férémù gbé òrùlé yẹn dúró, bíríkìlà á wá to bíríkì lé e, tó bá gbẹ wọ́n á yọ igi. Igi tó máa gbé èyí dúró ò ṣeé rí. Filippo Brunelleschi, ẹni tó jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ wúrà ló kọ́ṣẹ́, tí kì í ṣe bíríkìlà rárá, ló wá ní òun á kọ́ ọ láìlo férémù igi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1420, wọ́n parí ẹ̀ ní 1436, bíríkì tó wọ inú ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin.

Mo gùn ún o. Àtẹ̀gùn 463, kò sí lífíìtì, ẹni tí orúnkún bá ń dà láàmú kó dúró sísàlẹ̀ kó máa jẹ áísíkíríìmù. Òrùlé méjì ni wọ́n kọ́ síra wọn, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, àárín méjèèjì lẹ máa gbà gòkè, ibẹ̀ há débi pé tí ẹnì kan bá ń bọ̀ lókè ẹ máa lẹ̀ mọ́ ògiri ni kó lè kọjá, ẹ sì máa gbóòórùn gbogbo ẹni tó ti làágùn níbẹ̀ láti àárọ̀. Ibi tí mo ti dúró tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ ni mo ti wo ògiri dáadáa. Wọ́n to bíríkì lọ níbùú, wọ́n á wá dá ọ̀kan dúró lóòró, wọ́n tún to tibùú, wọ́n tún dá ọ̀kan dúró lóòró, ó ń yí lọ sókè bí egungun ẹja. Èyí tó wà lóòró ló ń di tibùú mú kó má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí àpòpọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n tó gbẹ. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò igi nìyẹn, bíríkì ló ń gbé bíríkì dúró.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ èmi-lẹ-dí-lọ́nà-yìí. Ojú mi mọ àrà yẹn ni. Àpáàdì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nílùú wa, èyí tí àwọn àgbà ń sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, ló ní kí wọ́n fi tẹ́ gbogbo ọ̀nà torí kò fẹ́ kí ẹrọ̀fọ̀ kan ẹsẹ̀ òun, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tò ó, wọ́n dá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí dagun sí ọ̀tún, èyí dagun sí òsì. Mi ò sọ pé ẹnì kan jí i wò lọ́wọ́ ẹnì kan o, ẹ má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjà lábẹ́ pósítì mi. Tiwa wà nílẹ̀ fún ẹsẹ̀, tiwọn wà lókè fíofío. Àmọ́ ní Ifẹ̀, mọ́tò ń gba orí òmíràn kọjá, ibòmíì sì wà tí wọ́n ti da símẹ́ńtì bò ó.

Tẹ́ ẹ bá ti ń gòkè, ẹ máa gba abẹ́ òrùlé inú kọjá, níbi tí Vasari àti Zuccari ya ọjọ́ ìdájọ́ sí, àwọn èṣù tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹlẹ́ṣẹ̀ wà nítòsí débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bá wọn bọwọ́. Kò wù mí. Ẹ kọjá.

Ó kan idẹ wàyí. Ojúkojú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni ilé ìrìbọmi wà, ilé alẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́jọ tó ti wà kí ṣọ́ọ̀ṣì gan-an tó dé. Ìlẹ̀kùn idẹ mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan ti wà nílẹ̀, wọ́n wá fẹ́ ṣe èkejì, ni wọ́n bá gbé ìdíje kalẹ̀ ní 1401, wọ́n ní kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rọ Ábúráhámù níbi tó ti fẹ́ fi Ísáákì rúbọ sára pátákó idẹ kan. Ó ku ẹni méjì tó ń bára wọn dù ú, Lorenzo Ghiberti àti Brunelleschi, Brunelleschi yẹn náà o, ẹni òrùlé. Ghiberti ò tíì ju ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀ lọ, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Brunelleschi wọra, ó fi idẹ sílẹ̀, ó yà sídìí ilé kíkọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó bo orí ṣọ́ọ̀ṣì. Ghiberti náà jókòó ti ìlẹ̀kùn, ti àkọ́kọ́ gbà á láti 1403 dé 1424, wọ́n ní kó ṣe òmíràn, ìyẹn gbà á láti 1425 dé 1452. Ọdún 27 lórí ìlẹ̀kùn kan! Bíríkìlà tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n wa ní Màyéfadé ì bá gbọ́ èyí ì bá sọ fún wa pé ṣe bí òun náà ti wí, ká ní sùúrù.

Ìlẹ̀kùn tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀kùn Párádísè, wọ́n ní Michelangelo ló fún un lórúkọ. Wúrà ni wọ́n fi kun orí idẹ ẹ̀, àwòrán 10 ló wà lára ẹ̀, látorí Ádámù àti Éfà. Èyí tó wà níwájú nínú àwòrán yọ síta bí ẹni fẹ́ bọ́, tèyí tó jìnnà sì pẹlẹbẹ títí tó fi dà bíi pé wọ́n kàn fi èékánná fà á. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni férémù. Àwọn orí kéékèèké yọ síta lára ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn pá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ghiberti fúnra ẹ̀ nìyẹn, ó rọ orí ara ẹ̀ mọ́ iṣẹ́, ó tún rọ ti Vittorio ọmọ ẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí bí ẹ ṣe máa rí i tẹ́ ò ní rẹ́rìn-ín padà.

Ẹ̀dà sì ni o. Èyí tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò ẹ̀ níta, 1990 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Odò Arno tó la ìlú yẹn já kún àkúnya ní 4 November 1966, omi wọ gbogbo ilé, ó já lára àwòrán orí ìlẹ̀kùn náà bọ́. Títí dòní wọ́n kọ ọ́ sára ògiri káàkiri ìlú pé ibi tí omi ga dé lọ́jọ́ yẹn rèé, mo dúró ti ọ̀kan ní apá ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Croce wà, ó ga jù mí lọ fíìfíì. Wọ́n tún ìlẹ̀kùn yẹn ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojúlówó ẹ̀ wá wà nínú gíláàsì ní músíọ́mù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Museo dell'Opera del Duomo. Èrò ń tìkan níta nídìí ẹ̀dà, inú ilé níbi tí ojúlówó wà, mo rí ibi jókòó, mo nasẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń rọ idẹ, ọ̀nà kan náà ni pẹ̀lú tiwa. Wọ́n á mọ amọ̀ sínú, wọ́n á fi ìda bo amọ̀, ara ìda yẹn ni wọ́n ti máa ṣe imú, ojú, ilà, gbogbo ẹ̀, wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìda, wọ́n á yan án nínú iná, ìda á yọ́ jáde, àyè ìda yẹn ni wọ́n máa da idẹ tó ti yọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè dà á. Tó bá bàjẹ́, ìda ti lọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí amọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtàn Benvenuto Cellini fi dùn mọ́ mi. Ère Perseus, akọni kan nínú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, tí Cellini rọ láàárín 1545 sí 1554 wà ní Loggia dei Lanzi, lábẹ́ òrùlé kan tí kò ní ìlẹ̀kùn ní gbàgede Piazza della Signoria, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa rìn wọlé. Ọkùnrin kan dúró lórí òkú obìnrin kan, ó mú orí obìnrin náà lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ idẹ ń ṣàn lọ́rùn ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ da idẹ sí i, Cellini ní ibà mú òun lélẹ̀, iná ràn mọ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù, òjò tún ń fẹ́ wọlé, idẹ inú ìléru wá bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí wọ́n kó gbogbo àwo àti abọ́ tánńganran ilé òun wá, ó ń jù wọ́n sínú ìléru, bíi 200, idẹ bá yọ́ padà, ó ṣàn. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, ó sì fẹ́ràn kó máa yin ara ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tánńganran yẹn bọ́gbọ́n mu, torí tánńganran ló ń jẹ́ kí bàbà tètè yọ́ kó sì ṣàn dé kọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbòjú Ọbalùfọ̀n tiwa, ojú èèyàn tí wọ́n rọ, bàbà nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, wọn ò po nǹkan kan tó láárí mọ́ ọn. Bàbà lásán ṣòro rọ ju idẹ lọ, kì í fẹ́ ṣàn, atẹ́gùn tètè ń dá ihò sí i lára. Àwọn baba wa dà á lódindi, ó dúró, ó sì ti ṣáájú Cellini. Mo ń ronú ẹ̀ nígbà tí mo ń yí Perseus po, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń mú àwọn Amẹ́ríkà káàkiri ń sọ fún wọn pé irú iṣẹ́ yìí ò sí níbòmíì láyé, mo kàn ń wò ó. Ẹ rìn lọ sẹ́yìn ère yẹn o, àwọn míì ò mọ̀: akoto àti irun ẹ̀yìn orí Perseus, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ojú ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ní Cellini ni.

Tó bá jẹ́ pé ibì kan péré ni owó yín ká, ẹ má lọ bá èrò ní Accademia, músíọ́mù tí ère Dáfídì wà, Bargello ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ilé àwọn agbófinró àti ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ó ti di músíọ́mù. Pátákó méjì tí wọ́n fi ṣe ìdíje 1401 yẹn wà níbẹ̀, ti Ghiberti àti ti Brunelleschi, ẹ lè fi ojú yín ṣe adájọ́. Ti Ghiberti dán, ó mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó dà á lódindi, idẹ tó lò kéré. Ti Brunelleschi, ó rọ àwọn ère ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ó wá kàn wọ́n mọ́ pátákó, ó wúwo jù, owó á sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ábúráhámù ẹ̀! Ọ̀bẹ ti kan ọ̀fun ọmọ, ó ti fi ọwọ́ kejì tẹ ọmọ lórí sẹ́yìn, áńgẹ́lì ò bá a sọ̀rọ̀ rárá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú gbà-á ni. Ti Ghiberti, áńgẹ́lì ṣì wà lókè réré, ó ń nawọ́. Tí wọ́n bá ní kí n dìbò, Brunelleschi ni mo máa dìbò fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó bá wọlé, ẹni tó máa bo ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n.

Kí n má parọ́, mo ṣì dé Accademia, torí àbúrò mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun lọ Florence kò rí Dáfídì. Òkúta mábù ni, Michelangelo gbẹ́ ẹ láti 1501 sí 1504, ó lé ní mítà márùn-ún, ká sọ pé òun àti Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn lè dúró tira kí ẹnì kankan má fojú di ẹnì kejì. Ó dáa, mi ò ní parọ́, iṣan ọwọ́ ẹ̀ ń hàn. Àmọ́ fóònù tó wà lókè pọ̀ ju orí èèyàn lọ. Ìta ní Piazza della Signoria ló wà tẹ́lẹ̀, lójú òjò àti oòrùn, 1873 ni wọ́n gbé e wọlé, ẹ̀dà tó wà níta báyìí, 1910 ni wọ́n gbé e dúró.

1910 yẹn mú mi rẹ́rìn-ín kíkorò díẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé Ifẹ̀, tó rí Orí Olókun, tó ní iṣẹ́ yìí ti dáa jù, kò lè jẹ́ ọwọ́ èèyàn dúdú, àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ kan ló gbọ́dọ̀ ti gbé ibí. Ó fẹ́ gbé e lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kó dá a padà. Nígbà tó yá, lápá ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn ọ̀mọ̀wé kan yẹ orí tó wà nílé wò, wọ́n ní ẹ̀dà ni. Àwọn míì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wọn, wọ́n ní ó lè jẹ́ ojúlówó. Ẹ bi ẹni mẹ́ta ní Ẹnúwá, ẹ máa gbọ́ ìtàn mẹ́ta. Ní Florence, ẹ̀dà ò ti ẹnikẹ́ni lójú. Ti Dáfídì wà níta, wọ́n á ní ojúlówó wà ní Accademia. Ti ìlẹ̀kùn wà níta, wọ́n á ní ojúlówó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlẹ́dẹ̀ idẹ kan wà ní ọjà Mercato Nuovo, Porcellino, tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ pa nímú kí oríire lè bá wọn, ẹ̀dà ni, ti ojúlówó tí Pietro Tacca rọ wà ní Museo Bardini. Imú ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ti dán yanranyanran, ara tó kù dúdú. Ẹ máa fi kọ́ìnì sí i lẹ́nu kó yọ̀ bọ́ sínú ihò irin tó wà nísàlẹ̀, tó bá wọlé ẹ ti ríre. Tèmi wọlé. Mò ń retí.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nílùú yẹn, kì í ṣe ère, kì í ṣe àwòrán. Ìwé àdéhùn kan ni, mi ò tiẹ̀ rí ìwé náà, ìtàn ẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi tí mo sì lọ kà sí i. Ìdílé Medici ló jọba lé Florence lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ló ń ra àwòrán, tí wọ́n ń bẹ oníṣẹ́. Ìdílé yẹn wá ku obìnrin kan, Anna Maria Luisa, kò bímọ, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin tó wà lórí oyè kú láìní àrólé, àwọn àjèjì láti Lorraine ló sì ń bọ̀ wá gbàjọba. Ní 1737 ó bá wọn ṣe àdéhùn: gbogbo àwòrán, ère, ìwé, wúrà, gbogbo ohun tí àwọn baba òun kó jọ, òun fi sílẹ̀ fún yín, àmọ́ ohunkóhun nínú ẹ̀ ò gbọdọ̀ jáde kúrò nílùú yìí. Ó ní torí àǹfààní ará ìlú ni, àti kó lè máa wu àwọn àjèjì wá wò. Ẹ gbọ́ o, 1737! Obìnrin yẹn ti mọ̀ pé èmi ń bọ̀ láti Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà ní Uffizi, ilé ọ́fíìsì tí Vasari bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1560 fún Cosimo Medici, tó ti di músíọ́mù báyìí, tí ìwọ àti èmi ń tò láti wo obìnrin oníhòòhò Botticelli tó dúró nínú ìkarahun, ìwé yẹn ló dè é mọ́lẹ̀.

Àwa, lọ́dún 1938 àti 1939, orí Wúnmọníjẹ̀ rìnrìn àjò. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan wọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ibẹ̀ ló ṣì wà. Kò sí òfin tó le tó máa dá wọn dúró nígbà tí wọ́n ń lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ni òfin dé, músíọ́mù ti Ifẹ̀ sì ṣí ní 1954. Mo sọ ọ̀rọ̀ Anna Maria Luisa yìí fún bàbá kan ládùúgbò wa, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "Ọmọ, àwọn tiwa náà fi tiwọn pamọ́ o, inú ilẹ̀ ni wọ́n fi í sí." Mi ò rí èsì kankan fọ̀.

Afárá Ponte Vecchio, mo kọjá lórí ẹ̀, ó ti wà láti 1345, ṣọ́ọ̀bù wúrà ló wà lórí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Alápatà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 1593 ni ọba wọn lé wọn kúrò torí òórùn. Nígbà ogun ní 1944, àwọn Jámánì fọ́ gbogbo afárá ìlú yẹn àfi òun. Wúrà ibẹ̀, ẹ kàn wò ó ni, ẹ má bèèrè.

Ọ̀rọ̀ alápatà yẹn ló mú mi rántí oúnjẹ. Ọkọ àbúrò mi bá mi lọ lọ́jọ́ kan, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jẹ nǹkan ilé." Mo rò pé ilé oúnjẹ Náíjíríà ló ń mú mi lọ. Kẹ̀kẹ́ kan ni, bí àwọn tó ń ta súyà ṣe ń dúró, ìkòkò ńlá ń hó lórí ẹ̀. Ọkùnrin ibẹ̀ fi fọ́ọ̀kì gbé nǹkan aláwọ̀ eérú kan jáde, ó ń mì, ó ní ìṣẹ́po, mo ní "Ṣàkì!" Kì í ṣe ṣàkì gan-an o, ikùn kẹrin màlúù ni, lampredotto ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fi ojú búrẹ́dì rì sínú omi ẹran, ó fi ọbẹ̀ ewé tútù sí i, ó bi wá bóyá a fẹ́ ata. Ṣé irú ìbéèrè wo nìyẹn! Oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni láyé àtijọ́, báyìí lọ́yà àti lébìrà jọ ń dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ́ tí omi ẹ̀ ń kán sí wọn lọ́wọ́. Òun ni oúnjẹ tó wù mí jù ní Ítálì. Búrẹ́dì wọn ni mi ò fẹ́, àwọn ará ibẹ̀ kì í fi iyọ̀ sí búrẹ́dì, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayébáyé. Wọ́n kú iṣẹ́. Ti Ifẹ̀ dáa jù ú lọ, kódà èyí tó ti sùn.

Fún ẹni tó bá ń lọ: ọjọ́ Mọ́ńdè, Uffizi àti Accademia máa ń tì. Ọjọ́ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, músíọ́mù ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ìlà ẹ̀ á gùn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì òrùlé yẹn ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí tí wọ́n bá kọ sí i ni kẹ́ ẹ dé. Ẹ mú ìborùn dání torí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ò fẹ́ kí èjìká àti orúnkún yọ síta, ibẹ̀ ni gèlè tí mo wé wúlò fún mi jù. Kọ́fí, ẹ dúró mu ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà, tẹ́ ẹ bá jókòó owó ẹ̀ á gun. Omi wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Palazzo Vecchio, ẹ gbé ike yín lọ. Bàgì olórúkọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lójú títì, ẹ má rà á o, òfin ibẹ̀ ń mú ẹni tó rà á náà, kì í ṣe ẹni tó tà á nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gun òkè lọ sí Piazzale Michelangelo, ẹ máa rí gbogbo ìlú, òrùlé yẹn ní àárín, ẹ̀dà Dáfídì mìíràn tún wà níbẹ̀, ti idẹ nìyẹn.

Ní ti físà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún pe fóònù mi. Àbúrò mi ló ṣe gbogbo ìwé yẹn, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.